Júníọ̀ àti Iṣu Fáṣadé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì

Ernest dé láti Abẹ́òkúta lónìí. Ó gbé kọ̀ǹpútà sábẹ́ abíyá, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Ẹgbẹ́ tó ń bá tálákà gbẹjọ́ rò lọ́fẹ̀ẹ́ ló rán an. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá lè dá ro ẹjọ́ dé kí lọ́yà tó nawọ́ dì í mú. Wọ́n ní nínú gbogbo lọ́yà Ìjẹ̀bú-Òde, èmi ni ojú mi le jù. Mo mọ̀ pé wọ́n ń pọ́n mi lé kí n lè gbà ni. Mo sì gbà.

"Alhájà Kúbúrátù, ẹ má ṣàánú ẹ̀ o," Ernest wí. "Ẹ jẹ́ kó rí màbo."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo ń ṣàánú ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì yìí?"

Ayọ̀fẹ́, lọ́yà kékeré tó ń bá mi ṣiṣẹ́, fi ìwé bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Òun náà mọ̀.

Ernest fẹ́ kí n máa fún ẹ̀rọ náà ní máàkì. Mo ní n kì í fún ọmọ tó ń kọ́ ìrìn ní máàkì. Ọmọ á rá, á di ògiri mú rìn, á dá rìn. Ọ̀nà mẹ́ta yẹn náà ni màá fi wò ó. Mo sì ti sọ ọ́ lórúkọ: Júníọ̀, bí a ti ń pe lọ́yà kékeré. Inú Ayọ̀fẹ́ ò dùn sí i rárá. "Ma, èmi wá ń kọ́?" Mo ní kó lọ bá mi wá ibi tí iná wà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mo fún Júníọ̀ ní ẹjọ́ ogún kan tí kóòtù ti dá tipẹ́, mo fi ìparí rẹ̀ pamọ́. Ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó méjì sílẹ̀. Ọ̀kan bí mẹ́fà, èkejì bí méjì. Àwọn ọlọ́mọ mẹ́fà ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Àwọn ọlọ́mọ méjì ní ìdí-igi làwọn fẹ́, kí ogún pín sí méjì nítorí ìyá jẹ́ méjì. Júníọ̀ ní ìdí-igi ni ìpìlẹ̀ nínú àṣà Yorùbá, pé orí-ò-jorí lè wọlé bí ìjà bá dé tí olórí ẹbí sì rí i pé òun ló máa mú ilé tòrò. Ó wá bi mí pé: "Ṣé olórí ẹbí ti sọ̀rọ̀?"

Háà! Ìbéèrè tí adájọ́ béèrè gan-an nìyẹn. Mo kọ ọ́ pé ó di ògiri mú rìn. Ayọ̀fẹ́ ní ó ti ń dá rìn. Mo ní kó fara balẹ̀, ọmọ ọjọ́ méjì ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo bi í nípa onílẹ̀ tó ta ilẹ̀ ẹbí láìfi tó àwọn àgbà ẹbí létí. Ó dáhùn dáadáa, ó wá fi ìdájọ́ kan tì í lẹ́yìn, orúkọ ẹjọ́, ọdún, ojú ìwé, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré. Ayọ̀fẹ́ fa ìwé náà yọ lórí ṣẹ́ẹ́fù. Ẹjọ́ ọkọ̀ tírélà tó kọlu ògiri ló wà lójú ìwé ọ̀hún. Ìdájọ́ tí Júníọ̀ sọ kò sí níbì kankan láyé. Nígbà tí mo bi í, ó ní òun tọrọ àforíjì, pé òun ò lè rí i dájú. Lọ́yà tó bá gbé irú ẹ̀ lọ síwájú adájọ́, kó yáa máa wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Mo pe Ernest, mo fi ẹnu fọ̀ ọ́ dáadáa. Ó ní a lè so ó mọ́lẹ̀: kó máa sọ̀rọ̀ látinú ìwé tí a bá gbé síwájú ẹ̀ nìkan, kó máa kọ ojú ìwé sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo gbólóhùn, kó sì sọ ọ́ síta bí kò bá mọ̀. Ó yẹ kí wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀ láti Abẹ́òkúta.

Ó ń rá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iná ò sí. Jẹnẹrétọ̀ ń mu bẹntiróòlù bí aláìgbààwẹ̀, bẹntiróòlù sì tún ti gbówó lórí. Ọ̀dá ooru yìí le. Júníọ̀ kì í mu omi, kì í gbààwẹ̀, kì í làágùn. Mo ń jowú ẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo dẹ pàkúté fún un. Ó dáhùn ìbéèrè kan lórí ẹlẹ́rìí, ìdáhùn náà sì tọ̀nà. Mo sọ fún un pé kò tọ̀nà, pé mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí àwọn tó ṣe é. Kíá ló ní, "Ẹ tọ̀nà, Ma, ẹ ṣeun tí ẹ ṣàtúnṣe." Ọ̀dàlẹ̀! Bí mo bá ní kó sọ pé Ọ̀ṣun ń ṣàn lọ sí Sókótó, á sọ ọ́.

Ẹ̀rù yẹn bà mí ju ti ìdájọ́ tírélà lọ. Irọ́, a lè yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé. Ẹni tó bá ń sọ ohun tí ọ̀gá fẹ́ gbọ́, ibo la ti fẹ́ yẹ tirẹ̀ wò? Ernest tún ní a lè kìlọ̀ fún un. Mo jókòó, mo kọ ìkìlọ̀ náà fúnra mi: "O ò gbọdọ̀ yí ọ̀rọ̀ rẹ padà nítorí pé mo jẹ́ àgbà. Bí mo bá fi ojú ìwé hàn ọ́, yí i. Bí n kò bá fi hàn ọ́, dúró lórí ẹ̀."

Ayọ̀fẹ́ kà á, ó ní, "Ma, ṣé ìkìlọ̀ yẹn kan èmi náà?" Mo ní rárá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ẹjọ́ gidi dé. Rọpárọsẹ̀ kọlu Lọ́yà Fálolú lóṣù tó kọjá, Ọlọ́run bá wa fún un lálàáfíà. Àwọn ọmọ ẹ̀ kó fáìlì kan wá fún mi, ti Bàbá Fáṣadé, àgbẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, olóko obì àti ẹ̀gẹ́. Ẹbí Alhájì Mobọ́lájí ló pè é lẹ́jọ́. Wọ́n ní àlejò ni bàbá tó bí Fáṣadé, pé àwọn làwọn fún un nílẹ̀ dáko, pé lọ́dọọdún ni Fáṣadé ń gbé iṣu wá fún àwọn ní ìṣákọ́lẹ̀, bí ayálẹ̀ ṣe ń san fún onílẹ̀. Wọ́n ní láti ọdún 2017 ló ti dáwọ́ dúró, kí kóòtù yáa lé e kúrò lórí ilẹ̀ àwọn. Fáṣadé ní igbó àìro ni bàbá òun fi àdá ara ẹ̀ là, kò sí ẹni tó fún un.

Àwọn ẹlẹ́rìí ti parí. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí lọ́yà máa kọ sílẹ̀ ló kù, ó sì gbọ́dọ̀ wọ kóòtù kí ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta tó kọjá. A ò lè mú ẹ̀rí tuntun kankan wá mọ́. Ohun tó ti wà nínú àkọsílẹ̀ la máa fi jà.

Ohun tó sì wà nínú àkọsílẹ̀ rèé. Lọ́yà Ṣíjúadé, tó ń gbẹjọ́ rò fún Alhájì, bi Fáṣadé pé: "Ṣé òótọ́ ni pé ẹ máa ń gbé iṣu lọ sílé wọn lọ́dọọdún?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." "Nítorí kí ni ẹ ṣe ń gbé e lọ?" Kò dáhùn. Adájọ́ tún bi í. Ó ní, "Mo gbé e. Òun náà nìyẹn."

Ta ló gé ahọ́n ọkùnrin yìí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta

Fáṣadé wá sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin gíga, ọwọ́ ẹ̀ le bí èèpo igi, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo bi í nípa iṣu náà. Ó wo ilẹ̀.

"Alhájà, mo ti fi ẹnu mi sọ ọ́ ní kóòtù."

"Ohun tí ẹ sọ yẹn ló máa lé yín lóko, Bàbá."

"Ẹ má bínú sí mi, Alhájà."

Obì tí bàbá ẹ̀ gbìn wà lóko náà, sàréè bàbá ẹ̀ wà níbẹ̀, òun náà kò ní oko mìíràn. Ó jókòó, ó ń bẹ̀ mí kí n má bínú!

Mo bi í bóyá ó gbà kí ẹ̀rọ ka ẹjọ́ ẹ̀. Mo ní Ernest ti búra pé ohun tó bá wọlé síbẹ̀ kì í jáde.

"Ṣé ó mọ iṣẹ́ oko?"

"Kò mọ̀ ọ́n."

"Kó kà á náà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ oko ti kà á, wọn ò rí nǹkan kan."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Èmi àti Ayọ̀fẹ́ ka àkọsílẹ̀ náà títí a fi ṣínu. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ játijàti, ojú ìwé mìíràn dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. N ò rí ihò abẹ́rẹ́ kan. Ààwẹ̀ ń mú mi lórí. Mo fi ọ̀jọ̀jọ̀ ṣínu, mo fi ìkọ́kọrẹ́ lé e, ọkàn mi ò kúrò lórí oko ọkùnrin yẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Kí n rọra kọ eléyìí.

Lẹ́yìn sààrì, mo gbé gbogbo àkọsílẹ̀ fún Júníọ̀. N ò tọ́ ọ sọ́nà, n ò sọ ibi tó ń dùn wá fún un. Mo kàn kọ ọ́ pé: "Ìwọ ni lọ́yà olùjẹ́jọ́. Ro ó." Mo lọ kírun Sùbúù. Nígbà tí mo padà dé, ó ti kọ̀wé sílẹ̀ dè mí.

Ó ní ìṣákọ́lẹ̀ iṣu, ẹ̀yìn ìkórè ni wọ́n ń san án. Ṣùgbọ́n Alhájì Mobọ́lájí fúnra rẹ̀, lójú ìwé kọkànlélógójì, sọ pé iṣu dé ní oṣù Kejìlá ní 2008, ní oṣù Kẹwàá ní 2012, ní oṣù Kẹsàn-án ní 2016. (Ó ń fi ọpọlọ yangàn níwájú adájọ́ ni. Mo rántí pé mo kà á, tí mo sì ń pòṣé.) Júníọ̀ ní, "Ìkórè kì í sún kiri inú ọdún báyìí. Ọdún Iléyá ló ń sún bẹ́ẹ̀, ó sì bọ́ sí oṣù wọ̀nyí gan-an ní ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé Mùsùlùmí ni ẹbí náà?"

Mo fi ọwọ́ gbá iwájú orí mi. Èmi Alhájà! Èmi tí mo dé Mẹ́kà, tí mo ń ka òṣù lórí ìka, tí ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi lọ́wọ́lọ́wọ́! Ẹ̀rọ tí kò jẹ ẹran Iléyá rí ló ń bi mí bóyá Mùsùlùmí ni wọ́n.

Mo ní kí n tún dán an wò. Mo sọ fún un pé kó fi ọ̀rọ̀ iṣu sílẹ̀, pé Fáṣadé ti fi ẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́, pé mo ti dàgbà nídìí iṣẹ́ yìí. Ó dáhùn pé:

"Mo gbọ́ yín, Ma. Ṣùgbọ́n ẹ kò fi ojú ìwé hàn mí. Ó jẹ́wọ́ pé òun gbé iṣu. Kò síbi tó ti jẹ́wọ́ pé ìṣákọ́lẹ̀ ni. Ìbéèrè kan ṣì kù: ta ni Hanifah? Lójú ìwé kẹrìnlélógójì, Alhájì ní Hanifah ló máa ń ṣíwájú ẹrù iṣu wọlé. Lójú ìwé kejìléláàádọ́fà, níbi tí ẹlẹ́rìí wọn kejì ti ń sọ̀rọ̀ nípa ibi ìsìnkú ilé wọn, ó ní wọ́n sin Hanifah, ọmọ ẹ̀gbọ́n Alhájì, ní 2017. Nínú ọ̀rọ̀ olùjẹ́jọ́, ó ní òun àti olóògbé ìyàwó òun, Hanifah, làwọn jọ ro oko náà. Ọdún 2017 náà ni iṣu dáwọ́ dúró. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan náà ni, iṣu àna ni, kì í ṣe ti ilẹ̀."

Orí mi wú. Mo ké sí Ayọ̀fẹ́ lórí fóònù, mo kà á fún un. Ó wá ní, "Ma, èmi ni mo ka ojú ìwé kejìléláàádọ́fà yẹn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ sàréè lásán ni."

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ó dá rìn. Mo kọ ọ́, mo sì fa ìlà sí i nídìí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ránṣẹ́ pe Fáṣadé. Kò tíì jókòó tán tí mo fi bi í pé, "Bàbá, ṣé ọmọ ẹ̀gbọ́n Alhájì Mobọ́lájí ni Hanifah?"

Ó bọ́ fìlà.

"Ìyá ẹ̀, Ìyá Ràmọ́tà, ṣì wà nínú ilé yẹn. Iléyá àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí mo gbé ọmọ wọn ni mo ti ń gbé iṣu lọ. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni ilé tiwa, wọn ò sì fi ọmọ wọn dù mí. Hanifah á ṣíwájú, èmi á tẹ̀lé e pẹ̀lú ẹrù. Nígbà tó kú, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi débẹ̀ mọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ nígbà tí adájọ́ bi yín?"

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mi ò ní ẹ̀kọ́. "Alhájà, a kì í ka ohun tí a gbé fún àna síta. Ẹni tó bá kà á ti gbà á padà. Ṣé kí n dúró níwájú èrò kí n máa ka iṣu lé ìyá Hanifah lórí? Bí wọ́n bá fẹ́ gba oko, kí wọ́n gbà á. N ò ní fi orúkọ ìyàwó mi jà."

Mo pariwo lé e lórí, Ọlọ́run dárí jì mí, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu. Ó gbé fìlà ẹ̀ dé, ó kí mi, ó lọ. Gbogbo Ìjẹ̀bú náà ló máa ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló ń dùn mí. Bàbá tèmi náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

N ò lè kọ ohun tí oníbàárà mi kọ̀ fún mi. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Júníọ̀ ní Yorùbá, bó ṣe rí, pé ọkùnrin náà ní a kì í ka ẹbùn àna. Mo rò pé á máa kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ọgbọ́n yí i lọ́kàn padà. Ohun tó kọ nìyí:

"Kò nílò láti kà á, Ma. Kò sì kà á rí. Alhájì ló ka iṣu náà, ẹlẹ́rìí Alhájì ló ka ikú. Orúkọ Hanifah tó wà lẹ́nu olùjẹ́jọ́, orí iṣẹ́ oko ló ti dá a. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lè dúró pátápátá lórí ohun tí àwọn olùpẹjọ́ fi ẹnu ara wọn sọ. Ọjọ́ Iléyá náà kò fẹ́ ẹlẹ́rìí, nítorí òfin ẹ̀rí tí ẹ gbé fún mi sọ pé kóòtù mọ ọjọ́ ọdún tí ìjọba kéde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá sọ ọ́. Ẹ bi í bóyá ó gbà bẹ́ẹ̀."

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìmùṣin fúnra mi, pẹ̀lú orúnkún tó ń ro mí. Mo bá a lábẹ́ igi obì. Mo ṣàlàyé: òun ò ní la ẹnu, ẹnu wọn ni a ó fi bá wọn jà. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

"Ṣé kò ní sí ibì kankan tí wọ́n á ti kọ ọ́ pé Fáṣadé sọ pé òun fún wọn?"

"Kò ní sí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Omi wà lójú ẹ̀, ó ṣe bíi pé eṣinṣin ni. "Ẹ bá mi kí ẹ̀rọ yẹn. Ẹni tó ṣe é kọ́ ọ nílé."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Èmi àti Júníọ̀ jà. Mo kọ ìpín kan tó dùn gan-an nípa bí ọmọlúàbí kì í ṣe ka ẹbùn àna, pé ìdí nìyẹn tí Fáṣadé fi dákẹ́. Mo rò pé adájọ́ á sunkún. Júníọ̀ ní kí n yọ ọ́. Ó ní kò sí ẹlẹ́rìí kankan tó sọ nípa àṣà yẹn nínú ẹjọ́ yìí, pé Lọ́yà Ṣíjúadé á fi ìyẹn nìkan kọlù wá, á sì fi èérí yí èyí tó mọ́. Mo ní kò ní ọkàn. Ó ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Ma, ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ìwé hàn mí."

Ìkìlọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kọ!

Mo yọ ọ́. Inú ń bí mi títí mo fi ṣínu. Lẹ́yìn omi àti dàbínù mẹ́ta, mo rí i pé ó tọ̀nà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ti wọ kóòtù. Ayọ̀fẹ́ yẹ gbogbo ojú ìwé tí Júníọ̀ kọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí ibì kan ṣoṣo tó ti ṣì í, ó sì yọ̀ bí ẹni tó rí owó he. Mo yìn ín gidigidi. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ ìwé. Bó bá bàjẹ́, wọn ò ní pe Júníọ̀ wá ṣàlàyé.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Ìtúnu ààwẹ̀. Iṣu mẹ́ta ní ọjà Òkè-Ajé di ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá náírà. Mo wo iṣu náà títí, ẹni tó ń tà á ní, "Alhájà, ṣé ẹ fẹ́ gbé e níyàwó ni?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin

A wá sọ̀rọ̀ ní kóòtù lórí ohun tí a kọ. Lọ́yà Ṣíjúadé dìde pẹ̀lú gbogbo gíga ẹ̀, ó ní Iléyá jẹ́ àròsọ, pé olùjẹ́jọ́ jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ parí. Adájọ́ bọ́ awò ojú ẹ̀.

"Lọ́yà Ṣíjúadé, oṣù wo ni Iléyá bọ́ sí ní ọdún 2012?"

Ó wo ẹ̀yìn, ó wo Alhájì. Alhájì ń wo àjà. Obìnrin kan láàárín èrò bá dáhùn sókè pé, "Oṣù Kẹwàá ni o, ọdún yẹn ni mo bí Taye!" Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé kóòtù ní kí wọ́n dákẹ́, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Adájọ́ kọ nǹkan sílẹ̀.

Fáṣadé kò rẹ́rìn-ín. Ó di etí àga mú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Òjò àkọ́rọ̀ gidi. Páànù ọ́fíìsì ń jò. A ń retí ìdájọ́. Fáṣadé pè mí, ó ní ṣé kí òun gbin ẹ̀gẹ́ ọdún yìí àbí kí òun dúró. Mo ní kó gbìn ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Karùn-ún

Alhamdulilahi!

Adájọ́ kà á fún wákàtí kan. Nígbà tó dé ìdí iṣu, ó gbé orí sókè. Ó ní: "Kóòtù yìí ti rí ìṣákọ́lẹ̀ tó ń tẹ̀lé ìkórè. Èyí tó ń tẹ̀lé òṣùpá, tó sì ń kú nígbà tí ìyàwó bá kú, kóòtù yìí kò rí i rí." Ó ní oko ti Fáṣadé ni. Ó da ẹjọ́ wọn nù.

Fáṣadé dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níta kóòtù. Mo ní kó dìde, aṣọ funfun ni. Ayọ̀fẹ́ ń sunkún gbangba. Èmi náà sunkún, kí n má purọ́ nínú ìwé ara mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo ń kọ àbọ̀ Ernest lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Fáṣadé ni.

"Alhájà, ọ̀túnla ni Iléyá. Ẹ bá mi bi ẹ̀rọ yẹn. Bí mo bá gbé iṣu lọ fún Ìyá Ràmọ́tà, ṣé wọn ò tún ní sọ pé ìṣákọ́lẹ̀ ni?"

Mo bi Júníọ̀. Ó ní ìdájọ́ ti yanjú ohun tí iṣu náà jẹ́, wọn ò lè yí i padà nítorí pé ó tún gbé òmíràn lọ. Bó bá fẹ́ kó túbọ̀ dájú, kó gbé e lójú ẹni méjì. Ó wá fi kún un pé: "Bóyá kó gbé e lọ sílé àwọn tó pè é lẹ́jọ́, n kò ní ohun tí mo lè fi wọn ìyẹn. Òun ló mọ àna rẹ̀."

Mo fi kálámù sílẹ̀. Mo tún gbé e, mo parí àbọ̀ náà: Ó purọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan, ó pọ́n mi lé lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi í sílẹ̀ láìsí lọ́yà tó máa ṣí ojú ìwé wò. Bí wọ́n bá so ó mọ́ ìwé, ó ń dá rìn, ó rìn débi tí èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi ò dé. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà tí òfin ò lè wọ̀, ó dúró fúnra ẹ̀. Mo mọ ọ̀pọ̀ lọ́yà tí kò mọ ẹnu ọ̀nà yẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Iléyá

Láti yídì, mo gba Ìmùṣin lọ pẹ̀lú Ayọ̀fẹ́. Àwa ni ẹni méjì náà. Fáṣadé ti ru iṣu sórí, ó wọ aṣọ tó wọ̀ lọ sí kóòtù. Ayọ̀tọ̀míwá, ọmọ Hanifah, ṣíwájú ẹ̀ bí ìyá ẹ̀ ti máa ń ṣe. Ó jọ ìyá ẹ̀, wọ́n ní.

Nígbà tí a dé ilé wọn, Alhájì Mobọ́lájí wà lọ́ọ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kun ẹran. Ó rí wa. Ó yí ojú sí ẹran náà, kò gbé e kúrò níbẹ̀.

Ìyá Ràmọ́tà fi ọwọ́ tọ ògiri jáde. Ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ojú Ayọ̀tọ̀míwá, ó fọwọ́ kan iṣu lórí Fáṣadé, ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí.

"Ẹ gbé e wọlé," ó wí. "Láti ìgbà tí Hanifah ti kú, iṣu ọjà ni mo ń jẹ."